Láptọ́ọ̀pù mi kú, wáráńtì ti parí, síbẹ̀ wọ́n ṣe mí dáadáa

Ìyá Tíṣà (Ìkòròdú)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń kọ lẹ́sìn nóòtì, wáráńtì ọdún kan ni wọ́n fún mi, oṣù kẹrìnlá ló kú, kò gbaná mọ́. Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ní Sábó, ìjà ni mo múra lọ jà. Ọ̀gá yẹn ní "mọ́mì, ẹ jókòó", ó tú u lójú mi, ó fi mítà wò ó, ó ní kí n wá wò ó fúnra mi: ihò tá a ń ki ṣájà bọ̀ ló ti yẹ̀ lára bọ́ọ̀dù. Ó ní lóòótọ́ wáráńtì ti parí, àmọ́ òun lòún tà á fún mi. Owó ihò yẹn nìkan ló gbà, kò gbowó iṣẹ́, ó tún yá mi láptọ́ọ̀pù kan fún ọjọ́ mẹ́rin torí ìdánwò ti wọlé. Mo sunkún nígbà tí mo délé. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ fún ẹ̀yin náà?

ỌmọẸ̀pẹ́
Ó YÁ YÍN???

Bọ̀dá Àgíríìkì
Mà, ẹ má bínú o, ó mọ̀ pé tíṣà ni yín, gbogbo ilé ìwé yín ló máa wá rà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ọjà ló ń tà.

Ìyá Tíṣà (Ìkòròdú)
Kó máa tà á bẹ́ẹ̀ nígbà náà, a máa rà á.

Lọ́yà Ìgbógbò
Òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ sọ ọ́ pé ọjà gbọ́dọ̀ dára, kó sì ṣeé lò fún àkókò tó mọ́gbọ́n wá. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín.

Bọ̀dá Àgíríìkì
Ta ló fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ihò ṣájà tọ ìjọba lọ?

Lọ́yà Ìgbógbò
LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbèjà oníbàárà, wà níbí fún irú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n.

Ẹnjiníà Ìta Ẹlẹ́wà
Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe tó wù mí jù ni pé ó tú u lójú yín, torí ẹlòmíì á ní bọ́ọ̀dù ló jó, á gba owó bọ́ọ̀dù, ihò náà ló máa pààrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé láptọ́ọ̀pù fún ẹnikẹ́ni, ẹ kó fáìlì yín síbòmíì, ẹ sì sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn kó nu gbogbo inú ẹ̀, láìbéèrè.

Àdùkẹ́
Ọ̀rọ̀ fọ́máàtì yìí dùn mí o. Ẹnì kan fọ́máàtì tèmi, kò béèrè, kìíbọ́ọ̀dù ni mo ní kó ṣe. Fọ́tò ìsìnkú bàbá mi lọ, mi ò ní ẹ̀dà kankan. Ó ní kí n má bínú, ó tún gbowó ẹ̀. Inú bí mi débi pé mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò tàn án látìgbà náà.

ỌmọẸ̀pẹ́
Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó tún GBOWÓ?

Bọ̀dá Àgíríìkì
Irú èyí ló jẹ́ kí n máa gbé tèmi dé Computer Village n'Íkẹjà.

ỌmọẸ̀pẹ́
Kí gó-síló Mile 12 mú yín lọ mú yín bọ̀? Ṣé kò sí fọ́máàtì n'Íkẹjà ni?

Ẹnjiníà Ìta Ẹlẹ́wà
Àdùkẹ́, ibi tí láptọ́ọ̀pù yẹn ń kó fáìlì sí, ṣé hard disk tó ń yí ni àbí SSD, èyí tí nǹkan kan kì í yí nínú ẹ̀? Tó bá jẹ́ èyí tó ń yí, tẹ́ ẹ sì ní ẹ ò tàn án mọ́, fọ́tò yẹn lè ṣì wà nínú ẹ̀, kìkì ibi tí wọ́n ti kọ nǹkan míì lé lórí ló máa lọ. Bó bá jẹ́ SSD, ó le gan-an, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ gbé e wá. Mi ò bá rí fọ́tò, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Àdùkẹ́
Ó máa ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nígbà tí mo ń lò ó. Ṣé ẹ máa ń ṣí ní Sátidé?

Ẹnjiníà Ìta Ẹlẹ́wà
Ó jọ pé èyí tó ń yí nìyẹn. Aago mẹ́wàá la máa ń ṣí. Ẹ má tàn án wò rárá kẹ́ ẹ tó wá o.

Ìyá Tíṣà (Ìkòròdú)
Àdùkẹ́, tí Sátidé bá kọjá, ẹ padà wá sọ fún wa.