Ta ló ń dá owó lé ẹran lọ́jà? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Olùsìn àgbò, Ṣakí:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Gbogbo ìgbà tí iléyá bá ti ń súnmọ́ ni mo máa ń gbọ́ pé àwa tá à ń sin àgbò la jẹ́ kó wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Òkè-Ògùn ni mo ti ń sin ẹran, ọjà níbí náà ni mo ti ń tà á, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe ń lọ gan-an. Kí ẹ̀yin alápatà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó ẹran bọ̀ láti Òkè Ọya, àti ẹ̀yin oníbàárà náà wá sọ tiyín.

Ẹni tí kò bá dé ọjà ẹran wa rí lè má mọ̀ pé kò sí òṣùwọ̀n níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ń ké iye síta kí àwọn oníbàárà máa fi owó borí ara wọn. Ojú àti ọwọ́ la fi ń wọn ẹran. Tí mo bá fẹ́ ra ọmọ àgbò tí n óò sìn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ tẹ̀, lẹ́yìn ìhà, kó tó kan ìdí. Tí eegun bá ń gún mi lọ́wọ́, ẹran náà ti rù, irun ló bò ó. N kì í wo ikùn. Ẹlòmíràn á ti po iyọ̀ mọ́ eèrí fún un láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, á mu omi títí, ikùn á wá yọ kàǹdù bí ẹni pé ó sanra. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ikùn ti fà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń ṣí ètè ìsàlẹ̀. Eyín wàrà mẹ́jọ ló máa ń wà níwájú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àgùntàn, wọ́n kéré, wọ́n tò tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá ti lé díẹ̀ lọ́dún kan, méjì àárín á yọ, eyín ńlá méjì á sì rọ́pò wọn. Bó bá tó nǹkan bí ọdún méjì, ó di mẹ́rin. Ẹni tó bá ní àgbò òun ti pé ọdún mẹ́ta, tí mo ṣí ẹnu ẹ̀ tí mo rí eyín ńlá méjì péré, mo ti mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò rò rárá ni oṣù. Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ní 2015, inú oṣù kẹsàn-án ló bọ́ sí. Òjò ti rọ̀ dáadáa, koríko kún ilẹ̀, àgbò ti jẹ ẹ́ fún oṣù mélòó kan láìná wa ní kọ́bọ̀, ara wọn ń dán. Ní 2025, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ni. Ẹran tí a tà nígbà náà ti la gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, nígbà tí iná ti jó pápá tán, owó la sì fi ra gbogbo ohun tó jẹ: eèrí àgbàdo, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ewé ẹ̀pà tí wọ́n dì ní ìdì-ìdì. Àgbò yẹn ti wọ́n mọ́ mi lọ́wọ́ kó tó dé ọjà. Ọdún sì tún ń sún wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn lọ ni o. Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹran fún iléyá àwọn ọdún tó ń bọ̀, àfi kó yáa máa kó oúnjẹ pamọ́ láti ìgbà ìkórè.

Àmọ́ ẹni tó ń bí mi nínú jù ni alágbàtà. Kò sin ẹran, kò dá owó, àárín ló dúró sí. Ọ̀kan mú àgbò mi lọ bá oníbàárà lábẹ́ igi, ó ní kí n dúró lápá ibí, ó padà wá sọ pé ₦140,000 ni wọ́n san. Nígbà tí ọkùnrin náà ń so ẹran mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹni tó bá a wá pé ₦165,000 lòun rà á. Láàrin ibi tí mo dúró sí àti abẹ́ igi yẹn, ₦25,000 ti wọ àpò ẹlòmíràn. Ẹ wá bi mí pé kí ló dé tí àgbò fi wọ́n.

Ìyá alápatà, Ìbàdàn:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ohun tí ẹni yẹn ṣe fún ọ, olè ni, n kò ní bá ẹnikẹ́ni gbè é. Ṣùgbọ́n má pa gbogbo alágbàtà pọ̀ sójú kan. Nínú òwò màlúù, tí kò bá sí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti kógbá wọlé.

Màlúù tó dára ń ju mílíọ̀nù kan náírà lọ báyìí. Ta ló ní mílíọ̀nù nílẹ̀ láràárọ̀? Àwọn tó kó màlúù dé láti Òkè Ọya máa ń sọ̀ sọ́dọ̀ bàbá onílé wọn ní kára, ìyẹn ọjà màlúù. Òun ló ń fún wọn níbi sùn, òun ló ń wá ibi tí ẹran á so sí. Alágbàtà rẹ̀ mọ̀ mí, ó mọ ìsọ̀ mi, ó mọ ilé mi, ó mọ ìyá mi tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó ṣe é. Òun ló máa dúró fún mi. N óò mú màlúù lọ sí odò ẹran, wọn óò pa á, n óò tà á, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ n óò dá owó padà. Tí mo bá sá lọ, bàbá onílé ló máa san án fún ẹlẹ́ran, nítorí ilé rẹ̀ ni wọ́n ti rí mi. Nítorí náà, ẹran àwìn wọ́n ju ẹran kéèṣì lọ, gbogbo wa la mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ewu tí wọ́n gbé fún wa ni wọ́n ń gba owó rẹ̀.

Èmi rí ìwúlò wọn ní ìparí oṣù kejì 2021. Lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn níbí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya ní àwọn ò kó nǹkan kan wá sí apá ọ̀dọ̀ wa mọ́. Wọ́n dá tírélà dúró lọ́nà Jẹ́bbà. Kára Akínyẹlé tí èèyàn máa ń forí gba àárín ìwo kọjá níbẹ̀, ilẹ̀ pupa lásán ló kù. Àwọn kan gbé kéèṣì wá láti ìgboro, wọn ò rí ẹran rà. Ìwọ̀nba màlúù tó ṣẹ́kù, àwọn tí bàbá onílé ti bá dòwò pẹ́ ló fún, àwìn náà ló sì tún fún wa. Iye rẹ̀ ga, mo jẹ gbèsè díẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìsọ̀ mi kò ṣófo. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gba ọ̀nà Ìṣẹ́yìn lọ wá màlúù nínú gáà, ibùdó àwọn Fúlàní darandaran. Owó rẹ̀ dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n fi máa san owó ọkọ̀ àti owó ọ̀nà tán, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ mọ́.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí, nítorí àwọn èèyàn rò pé à ń jẹ èrè ńlá. Tí mo bá ta ẹran ara màlúù tán, owó tí mo rà á ló máa ń bá ṣe déédéé, nígbà míì kì í tilẹ̀ tó o. Orí, ẹsẹ̀, ṣàkì, àbọ̀dí, ẹ̀dọ̀, àti awọ tó ń lọ di pọ̀nmọ́, ibẹ̀ lèrè wà. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá já owó pọ̀nmọ́ lulẹ̀, ẹran ara á wọ́n sí i.

Oníbàárà, Ìkòròdú:

Àwa méje la máa ń dá owó jọ ra màlúù kan ní kára Ìṣẹrí, ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ohun tí mo ti rí ni pé ẹni tó bá dúró di ọjọ́ àìsùn ọdún ń ta tẹ́tẹ́ ni. Lọ́dún kan, àwọn ẹlẹ́ran kò fẹ́ kó ẹran padà, wọ́n ń já iye fúnra wọn kó tó di ìrọ̀lẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹran ti tán ní ọ̀sán, èyí tó kù ń tiro, ẹran tó sì ń tiro kò ṣe é pa fún iléyá. Láti ìgbà náà, bó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì la máa ń lọ, a ń san owó oúnjẹ fún wọn títí di ọjọ́ ọdún.

Oníṣòwò ẹran, Ìlọrin:

Ẹ kú àlàyé. Ẹ̀yin Ìyá wa ti sọ ti àwìn, Ẹ̀gbọ́n Ṣakí ti sọ ti oṣù. Tèmi ni ti ibi tí ẹran ti ń bọ̀.

Maigatari ní Jigawa àti Illela ní Ṣókótó ni mo ti ń rajà jù. Etí ibodè ni méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ẹran tó wà níbẹ̀, láti orílẹ̀-èdè Niger ló ti wá, ẹni tó sì dà á wá ń ro iye rẹ̀ ní sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Niger. Sẹ́fà so mọ́ owó yúrò, kì í bá náírà ṣubú. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀. Dọ́là tó wà ní bíi ₦470 ní báǹkì kọjá ₦700 kí oṣù náà tó parí. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yẹn gan-an ni iléyá. Mo dúró níwájú ọkùnrin kan tí mo ti ń bá rajà tipẹ́. Iye tó pè ní sẹ́fà kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣẹ́ ẹ sí náírà, owó tí mo kó dání kò lè kó iye ẹran tí mo wá kó. Kò sí ohun tí mo lè bá a jà sí. Ẹran rẹ̀ kò wọ́n lójú tirẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àwọn ológun gbàjọba ní Niger, wọ́n sì ti ibodè, a kò mọ ibi tí a ó gbà fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀nà náà tún wà ńbẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ni tírélà ń mu, ó sì ti gbówó lérí láti 2022, kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù rárá. Àwọn ọmọkùnrin kan máa ń jókòó sórí irin ọkọ̀ láti Òkè Ọya títí a fi máa dé, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wo inú. Tí màlúù kan bá dùbúlẹ̀, àwọn tó kù á tẹ̀ ẹ́ pa, nítorí náà wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ìwo lóru, wọ́n á fà á nírù títí yóò fi dìde. Èyí tí kò bá lè dìde mọ́, alápatà ẹ̀bá ọ̀nà ló máa rà á, iye tó bá wù ú ló sì máa pè, nítorí ó mọ̀ pé n kò ní ibi tí mo fẹ́ gbé e lọ. Owó ẹran tí mo pàdánù yẹn, orí àwọn tó dúró lẹ́sẹ̀ ni mo máa kó o lé. Bí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, n kò ní lè padà lọ.

Oníṣègùn ẹran, Ìwó:

Ẹ má bínú, ti tèmi kúrú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra ewúrẹ́ àti àgùntàn lọ́jà fún sísìn, ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ èyí tó wà nílé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà wọ́n. Àrùn tí wọ́n ń pè ní kàtá wọ́pọ̀ nínú ẹran ọjà: imú ń ṣomi, ojú ń sépìn, ẹnu ń légbò, ẹran ń ṣu gbuuru, ó sì lè pa ọ̀pọ̀ nínú agbo láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ gbà á fún èyí tó wà nílé kẹ́ ẹ tó mú tuntun wọlé. Mo máa ń dé ilé àwọn tó rà á ní ẹ̀dínwó, tí gbogbo agbo sì bá ẹ̀dínwó náà lọ. Ó máa ń dùn mí dé egungun.

Olùsìn àgbò, Ṣakí:

Ìyá wa, ẹ ṣé, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo gbọ́ ti àwìn yẹn, mo sì gbà á fún màlúù. Ṣùgbọ́n àgbò mi, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń san owó rẹ̀, alágbàtà kò gbé ewu kankan fún mi níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí èmi àti àwọn tá a jọ ń sìn ẹran ládùúgbò ti fẹnu kò sí ni pé a ó máa san owó kan pàtó fún alágbàtà lórí ẹran kọ̀ọ̀kan, kó sì mú oníbàárà wá síwájú ẹlẹ́ran. Níbẹ̀ la ó ti ná an. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó má fọwọ́ kan ẹran wa. Àwọn méjì ti gbà, àwọn tó kù ṣì ń kùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi mí ní kọ̀rọ̀ nípa ìgbà tó dáa láti ra ọmọ àgbò: ẹ lọ lẹ́yìn iléyá, nígbà tí ariwo ti lọ sílẹ̀, tàbí ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí àwọn ará gáà ń wá owó àgbàdo. Ẹ mú kéèṣì dání. Ní oṣù kejì 2023 tí owó bébà wọ́n, ẹran kan náà ní iye méjì lọ́jà níbí, ti tiránsífà ga, ti kéèṣì wá sílẹ̀ gan-an, nítorí kò sí nẹ́tíwọ̀kì ní gáà, ẹni tí wọ́n sì fẹ́ ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní í gba tiránsífà. Owó bébà ti pọ̀ padà, ṣùgbọ́n kéèṣì ṣì ń já iye wálẹ̀ níbẹ̀. Ẹ dé ọjà kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ lè rí bí ẹran ṣe ń rìn bọ̀ kí wọ́n tó so ó mọ́lẹ̀.