Àwòrán kan bà mí lẹ́rù nílé télọ̀. Kí ni irú rẹ̀ ti fojú yín rí?

Ọmọ Alárè: Ẹ kú ilé o. Mo lọ gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde lánàá, mo bá àwòrán ràgàjì kan lára ògiri. Ọkùnrin kan wọ aṣọ àwọn tó ń lọ sínú òṣùpá, omi mù ún dé orúnkún, gbòǹgbò igi ń rọ̀ wálẹ̀ láti ojú ọ̀run. Kò sí ojú nínú akoto rẹ̀. Ara bù mí máṣọ.

Baba Gàrí: Ṣé aṣọ yẹn ṣáà bá ẹ mu?

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù: Ẹ má fi ṣeré. Tó bá dọjọ́ Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú tóbìnrin kì í rí, ìyá-ìyá mi á tilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àwa obìnrin. Ìró nìkan là ń gbọ́. N ò rí i rí títí dòní, ẹ̀rù rẹ̀ ò sì tíì kúrò lára mi. Akoto yẹn náà nìyẹn. Ká ní wọ́n ya ojú sí i ni, bó burú bí ojú ọ̀bọ, ẹ̀rín ni ò bá pa yín.

Ọlọ́dà: Òótọ́ lẹ sọ, mà. Àmọ́ ibo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wá? Òkè loòrùn ti ń ràn. Téèyàn bá gbé iná wá láti ìsàlẹ̀, àyà á ti já kójú tó mọ ohun tó rí.

Ọmọ Alárè: Inú omi ni! Yéè.

Akọ̀wé Ìkẹnnẹ́: Èmi ò rí ẹ̀rù níbẹ̀, ìdánìkanwà ni. Beksiński ará Pólándì (1929 sí 2005) ya irú ẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, kò fún wọn lórúkọ. Ó tiẹ̀ ní àwọn míì nínú wọn ń pani lẹ́rìn-ín.

Baba Gàrí: Irọ́! Ta ló ń fi egungun rẹ́rìn-ín?

Akọ̀wé Ìkẹnnẹ́: Ọmọ mi ọdún mẹ́fà wo ọ̀kan, ó ní bàbá yẹn ń wá sálúbàtà ẹ̀ ni. Ìyá Ìbejì, Agẹmọ ní Ṣàgámù kẹ̀? Ẹlúkú la mọ̀ ní Rẹ́mọ.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù: Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti tọ́ mi. Àbí Rẹ́mọ kì í ṣe Ìjẹ̀bú ni?

Akọ̀wé Ìkẹnnẹ́: Rẹ́mọ ni wá. Ẹ lọ bi Akárígbò, ọba wa.

Ọlọ́dà: Ó ti dé o.

Ọmọ Alárè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti padà débẹ̀. Ọmọ télọ̀ tó wà ní Poli ló yà á. Ó ní òun ò tíì ráyè parí ojú ẹ̀ ni.

Baba Gàrí: Aṣọ wá ńkọ́?

Ọmọ Alárè: Bàbá ẹ̀ náà ò tíì parí ẹ̀.