Fíríísà -80 nínú pùròpósà: ibi tí owó ẹ̀rọ ti ń já

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Ọ̀jọ́:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà láàbù. Orí ẹ̀rọ ni bírò pupa àwọn tó ń yẹ pùròpósà gíráǹtì ìwádìí wò máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ẹ bá wa sọ ibi tí wàhálà wà gan-an. Ká fi fíríísà -80, èyí tó ń tutù dé -80°C láti tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àti irú rẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́n ká.

Alábòójútó láàbù, Ìdí-Àràbà:
Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó lórí ìwé ẹni tó ń tà á. EXW túmọ̀ sí pé ẹ̀yin lẹ máa lọ gbé e lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wọn. Tó bá jẹ́ CIF Àpápá, owó ọkọ̀ òkun àti ìbánigbófò ti wọ̀ ọ́, àmọ́ owó aṣọ́bodè, ejẹ́ńtì àti ọkọ̀ tó máa gbé e kúrò ní èbúté wọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn yín. DDP ni wọ́n ti ń san owó aṣọ́bodè, tí wọ́n sì ń gbé e dé ibi tí ẹ bá kọ sínú ìwé. Ẹ má fi $12,000 ti EXW wé $14,000 ti DDP kí ẹ wá ní èyí àkọ́kọ́ ló pọ́ọ́kú.

Lẹ́yìn ìyẹn, iná. Ẹ kọ ọ́ sínú pùròpósà gbangba pé 230V, 50Hz lẹ fẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, 115V, 60Hz ni. Transformer lè gbé folti rẹ̀ sókè sódò, kò lè yí hertz padà, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á sì máa gbóná títí yóò fi jóná. Ẹ ra stabilizer tó ń dá iná dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn tí NEPA bá mú un dé. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí iná ń já, tó tún ń dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í pẹ́ láyé.

Ooru ńkọ́? Ọ̀pọ̀ fíríísà yìí ni wọ́n ṣe fún yàrá tí kò gbóná ju 32°C lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ń tú ooru sínú yàrá tọ̀sán-tòru. Ní oṣù Kẹta l'Ékòó, yàrá tí kò ní AC kọjá ìyẹn. AC méjì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ló yẹ kó wà nínú ìṣirò.

Owó iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ rárá. Ká ní fíríísà ń jẹ yúnìtì 15 lóòjọ́. Lọ́dún kan, 5,475 nìyẹn. Ní ₦209.5 tí Band A gbà ní oṣù Keje 2024, ó lé ní ₦1,147,000, láìka dísù jẹnẹrétọ̀ àti iná AC mọ́ ọn. Bí ẹni tó ń fúnni lówó kò bá ń san owó iná, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ìwé pé àwọn ló máa san án, kí ẹ so ó mọ́ pùròpósà. Lẹ́tà yẹn ń ṣiṣẹ́ ju ojú ewé mẹ́ta àlàyé lọ.

Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà, kọ́rídọ̀ àti líìfùtù kí ẹ tó yan irú èyí tí ẹ máa rà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ará bọ́sárì, Àkókà:
Ọ̀rọ̀ dọ́là lèmi fẹ́ mú. Proforma, ìwé iye owó tí ẹni tó ń tà á kọ fún yín, kì í sábà wúlò ju oṣù kan sí mẹ́ta, ìpinnu lórí pùròpósà sì lè gba ọdún kan. Ní oṣù Kẹfà 2023 tí báǹkì àpapọ̀ jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀, dọ́là kan kúrò ní bíi ₦470, ó kọjá ₦700 kí oṣù náà tó parí. Ẹni tó ti kọ $12,000 sílẹ̀ ní ₦5,640,000 wá rí i pé ₦9,000,000 ni ní ₦750. Ẹ kọ dọ́là àti náírà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ kọ iye tí ẹ fi ṣẹ́ dọ́là sí náírà àti ọjọ́ tí ẹ wò ó. Kí ẹ tún sọ èyí tí ẹ máa yọ kúrò bí owó kò bá tó mọ́. Àfikún tí a fi pamọ́ sáàárín owó kẹ́míkà, àwọn tó ń yẹ pùròpósà wò máa ń rí i.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Ọ̀jọ́:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí a kúkú gba iye náírà lọ́wọ́ aṣojú wọn ní Ìkẹjà?

Ará bọ́sárì, Àkókà:
Ó dára fún ẹ̀rọ kékeré. Fún èyí tó tóbi, ẹ béèrè lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi yàn án ní aṣojú. Kí ẹ sì bi í ọjọ́ tí wàráńtì bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹrù wọ ọkọ̀, oṣù mẹ́rin lè tán sórí omi àti ní èbúté Tin Can kí ẹ tó tú páálí. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n tò ó tó ṣiṣẹ́ ló máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń yẹ pùròpósà wò:
Gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí, ìbéèrè kan ló ṣáájú wọn: kí ló dé tí ti ẹ̀ka kejì kò fi tó yín lò? Iye àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ẹ máa tọ́jú ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣírò. Túùbù 2,400, ní 81 nínú àpótí kan, àpótí 30 péré ni. Fíríísà onílítà 500 ń gba àpótí tó ju 300 lọ. Ẹni yẹn kò nílò fíríísà tirẹ̀, àyè lórí pẹpẹ ẹlòmíì ló nílò, èmi ò sì ní fọwọ́ sí i. Àmọ́ bí ẹ bá kọ pé ẹ̀ka mẹ́ta ló máa lò ó, tí lẹ́tà àwọn ọ̀gá ẹ̀ka náà wà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ẹ mọ òfin ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí pẹ̀lú. Pùròpósà IBR (ìwádìí tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ ń bójú tó) ti TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, ìgbìmọ̀ ilé ìwé yín ló ń kọ́kọ́ rí i. Nínú owó ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2024, ohun tó bá tó $10,000 lẹ́yọ, tí a sì ń lò ju ọdún kan lọ, ni wọ́n ń kà sí ẹ̀rọ. $5,000 ni tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, abẹ́ ohun èlò lẹ máa kọ ọ́ sí. Wọn kì í sì ka ẹ̀rọ mọ́ iye tí wọ́n ń ṣírò owó ìṣàkóso ilé ìwé lé lórí, nítorí náà ẹ má fi ohun kan sí abẹ́ èkejì, gbogbo ìṣirò ló máa dàrú.

Ẹni ìrajà, Yábàá:
Díẹ̀ ló kù. Form M, ìwé tí a fi ń sọ fún ìjọba pé a fẹ́ kó ẹrù wọlé, gbọ́dọ̀ jáde ní báǹkì kí ẹrù tó wọ ọkọ̀. Ìwé ìdásílẹ̀ owó aṣọ́bodè láti Mínísírì Ìnáwó, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá ti jáde, torí bí ẹrù bá gúnlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, owó ìdúró ní èbúté á máa gun ara wọn lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tó ń fi gíráǹtì san ìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ inú proforma, Form M àti ìwé ọkọ̀ bára mu lẹ́tà dé lẹ́tà.

Bí ó bá dé, ẹ wo àmì tó ń fi hàn bóyá wọ́n dojú rẹ̀ dé lọ́nà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé awakọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán fún wákàtí 24, kí òróró inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ padà sí àyè rẹ̀, kí ẹ tó ki í bọ iná.