Kọ̀ǹpútà géèmù tí wọ́n ti tò sílẹ̀, ṣé kí n rà á?

Ẹ̀yin bọ̀dá àti àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá kan ní Lágéré fẹ́ ta kọ̀ǹpútà géèmù fún mi, 850k ló ń pè é, Ryzen 5 5600 ni processor ẹ̀ (ọpọlọ ẹ̀), RTX 3060 oní 12GB ni káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, RAM ẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ 16GB. Ó dùn-ún gbọ́ àbí? Àmọ́ nígbà tó ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, RAM ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ oní 8GB méjì ló máa ń yá jù, power supply ẹ̀ (èyí tó ń pín iná fún un) ò sì lórúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára, wọ́n kàn kọ 500W sí i, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù torí iná tiwa n'Ífẹ̀ níbí, á kàn ga lójijì ni. Ṣé kí n ní kó yọ owó power supply kúrò, àbí kí n kúkú máa ra ẹ̀yà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Mi ò to kọ̀ǹpútà rí o. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n lọ ra PS5, mi ò bi í.