Akúdòkúta, ọ̀bọ àti baba ńlá: ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú gbólóhùn kan

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkòròdú, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làákàyè. Mo ti ka orí kìíní ìwé tí ẹ ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, èyí tí ó ń ṣàlàyé orírun ènìyàn gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe rí i, mo sì mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí a bá yín yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun inú rẹ̀ wò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. N kò ní máa fò láti ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo jókòó tì láti ìjẹta, nítorí pé gbogbo ohun tí ó ṣòro nínú iṣẹ́ yín ló pé sínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé: “Ní ọdún 1974, wọ́n wa akúdòkúta ọ̀bọ kan tí ó jẹ́ baba ńlá wa ní ilẹ̀ Etiópíà.”

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún náà, Donald Johanson, onímọ̀ nípa orírun ènìyàn, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí eegun ẹ̀dá kan ní Hadar, eegun tí ó ti tó ọdún 3,200,000 nínú ilẹ̀, tí ó sì tó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo eegun ara rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Lucy. Àwọn ará Etiópíà ní orúkọ tiwọn fún un ní èdè Amharic, Dinkinesh, tí ó túmọ̀ sí pé ìwọ yìí, ìyanu ni ọ́. Abo ni wọ́n ní i ṣe. Èyí nìkan ti tó láti mú kí baba ńlá máa mì lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ di ẹ̀yìn.

Akúdòkúta, tí ẹ fi túmọ̀ fọ́sìlì (ohun tí ẹ̀dá ìgbà láéláé fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀), ni ó dùn ún gbọ́ jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ yín, òun náà ni ó sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ hun ún dáadáa: ohun tí ó kú, tí ó sì di òkúta. Kò sí òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan tí ẹ rú. Àmọ́ etí Yorùbá kì í gbọ́ akú lásán. Akúwárápá, akúṣẹ̀ẹ́, akúra: àìsàn, òṣì àti àbùkù ni ó máa ń tẹ̀lé ìró yẹn wọlé, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó bá sì pàdé akúdòkúta lójú ìwé lè kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ni wọ́n ṣẹ́ èpè fún. Ìyẹn ṣì kéré. Ohun tí ó tóbi ni pé ọ̀rọ̀ náà kò bá ohun tí ó ń pè mu. Ẹ rántí Laetoli ní ilẹ̀ Tanzania, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn tí Mary Leakey ṣáájú wọn ti rí ojú ẹsẹ̀ ní ọdún 1978. Òkè ayọnáyèéfín ni ó tú eérú sórí ilẹ̀ ní ohun tí ó lé ní ọdún 3,600,000 sẹ́yìn, òjò rọ̀ sórí eérú náà, àwọn ẹ̀dá tí ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn kọjá lórí rẹ̀, eérú gan, òmíràn sì bò ó. Nínú gbogbo ìwé irú èyí, fọ́sìlì ni wọ́n ń pe ojú ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn. Ṣé ojú ẹsẹ̀ kú rí ni?

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ó kú ni ó di òkúta. Àwọn ènìyàn Neanderthal, irú ènìyàn àtijọ́ kan tí kò sí mọ́, tí a fi àfonífojì kan ní ilẹ̀ Jámánì sọ lórúkọ nítorí eegun tí wọ́n rí níbẹ̀ ní ọdún 1856, ṣì fi eegun sílẹ̀ fún wa tí ó jẹ́ eegun. Inú irú eegun bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Svante Pääbo ti yọ DNA wọn, ohun àjogúnbá inú ara ẹ̀dá, èyí tí ó wà lára ìdí tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2022. Bí wọ́n bá ti di òkúta tán pátápátá, kí ni ì bá rí yọ?

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: pé bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá gbogbo ẹ̀gbẹ́ nǹkan mu, a kò ní í dá ọ̀rọ̀ kankan láéláé. Òótọ́ ni. Èdè Látìn tí wọ́n ti mú fọ́sìlì kò sọ ju “ohun tí a hú láti inú ilẹ̀” lọ, ìgbà kan sì wà tí àwọn ará Yúróòpù ń fi í pe irin, òkúta iyebíye àti ohunkóhun mìíràn tí wọ́n bá wà jáde. Ọ̀rọ̀ kan lè ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí lílò wá máa kún inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí ó sọ ohun kan pàtó tí kì í ṣe òótọ́, akúdòkúta sì sọ méjì: pé ó kú, àti pé ó di òkúta.

Èyí ni ó gbé mi dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe inú gbólóhùn yín. Ẹ ní wọ́n “wa” nǹkan náà. Ní ẹ̀bá ọ̀sà tiwa níbí ní Ẹ̀pẹ́, mo sì gbàgbọ́ pé bákan náà ni ní Ìkòròdú, wíwà jẹ́ ti àwọn tí ń wa yanrìn: ẹni tí ó ń wa yanrìn ń kó o lọ ni, kò bìkítà ohun tí ó wà lókè tàbí ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Kànga, gbígbẹ́ ni à ń gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti sin tẹ́lẹ̀, tí a fẹ́ kí ó jáde bí ó ṣe wà, híhú ni à ń hú u. A ń hú òkú, a kì í wa òkú. Iṣẹ́ àwọn tí ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti abẹ kékeré yọ eegun kúrò nínú amọ̀ fún oṣù mélòó kan, híhú ni, n kò sì rí ìdí tí a fi máa dà wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ́kọ̀ yanrìn.

Ohun tí mo wá ń dábàá ni pé kí a ya méjì sọ́tọ̀. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe, tí a hú láti inú ilẹ̀, kí a máa pè é ní àhúyọ: ìkòkò, àpáàdì, ìlẹ̀kẹ̀, àáké òkúta. Ọkọ̀ ojú omi Dufuna tí darandaran kan kàn nígbà tí ó ń gbẹ́ kànga ní ìhà Yobe ní ọdún 1987, tí ó sì ti tó nǹkan bí ọdún 8,000, àhúyọ ni. (Gbogbo ìgbà tí mo bá dé etí omi ní Ẹ̀pẹ́ tí mo rí ọkọ̀ tí a fi igi gbẹ́ tí ó ń jẹrà lórí ẹrẹ̀, òun ni mo máa ń rántí.) Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀dá alààyè fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe eegun, eyín, ìkarahun tàbí ojú ẹsẹ̀, kí a jẹ́ kí ó máa jẹ́ fọ́sìlì. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú pé mo yá ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, kí wọ́n wo bí fóníìmù àti mọ́fíìmù tí a yá ṣe jókòó pẹ̀lú ọ̀rọ̀-orúkọ àti àpólà láìsí ìjà. Àwọn àgbà wa yá ibi tí yíyá ti yẹ, wọ́n sì ṣẹ̀dá ibi tí èdè ti ní ohun èlò.

Ìwalẹ̀pìtàn tí ẹ fi pe ẹ̀ka ìmọ̀ tí ń fi ohun inú ilẹ̀ wá ìtàn àtijọ́, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní “walẹ̀” nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n pìtàn ti gbà á lọ́wọ́ àwọn oníyanrìn. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé Ẹrẹ́dò Ṣùngbọ́, odi àti yàrà tí ó lọ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí kìlómítà 160, kò fi dandan béèrè pé kí a walẹ̀ kí a tó rí i, ẹ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ohun tí oníròyìn bá ń ṣe ni ìròyìn.

Ó wá kan ọ̀bọ. Níbí yìí, ẹ má bínú, àìbìkítà ni mo rí, kì í ṣe àìmọ̀, torí pé ẹ̀yin gan-an ni ẹ kọ́ wa pé Yorùbá kì í pe gbogbo ẹran orí igi ní orúkọ kan. Ẹdun wà, tí a fi ń ki ìbejì, ìjímèrè wà, àáyá wà, akítì wà. Ìnàkí sì dá yàtọ̀: kò ní ìrù, apá rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ sì jọ ojú ẹni tí ń ronú. Irú ìnàkí tí èdè Òyìnbó ń pè ní chimpanzee ṣì wà nínú igbó ọba Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò jìnnà sí wa púpọ̀. Ìyàtọ̀ tí àwọn ọdẹ wa ti ṣe láti ìgbà láéláé yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ń ṣe, àwọn kò sì sọ rárá pé ọ̀bọ ni ó bí wa. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwa àti ìnàkí ní orírun kan náà, pé a pínyà ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù mẹ́fà tàbí méje sẹ́yìn, oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ̀bọ, ẹ ti fún gbogbo ẹni tí ó fẹ́ fi ìwé náà ṣẹ̀fẹ̀ ní ẹ̀fẹ̀ ọ̀fẹ́, nítorí pé èébú ni ọ̀bọ jẹ́ lẹ́nu wa kí ó tó jẹ́ ẹranko.

Baba ńlá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ baba ńlá mi, mo lè ka ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sórí mi, mo sì lè jẹ oríkì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Lucy fúnra rẹ̀ bímọ. Ohun tí a lè sọ ni pé irú ẹ̀dá tí ó jẹ́ súnmọ́ orírun wa, ó sì ṣeé ṣe kí ó wà lójú ọ̀nà náà gan-an. Mo kọ “irú ẹ̀dá” tọkàntọkàn, nítorí pé ní ojú ewé kẹrin ẹ lo ẹ̀yà: “ẹ̀yà Neanderthal àti ẹ̀yà Homo sapiens” (ìyẹn àwa ènìyàn òde òní). Lójú ọmọ tí ó ń gbọ́ ẹ̀yà Yorùbá àti ẹ̀yà Haúsá lórí rédíò lójoojúmọ́, kí ni yóò rò? Yóò rò pé bí Neanderthal ṣe yàtọ̀ sí wa ni Haúsá ṣe yàtọ̀ sí Yorùbá, ohun tí kò sì sí nínú ìmọ̀ yìí rárá ni ẹ máa ti gbìn sí i lọ́kàn. Gbogbo ènìyàn tí ó wà láyé lónìí, irú ẹ̀dá kan ṣoṣo ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yà máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí ó wà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní lórí ojú ewé kẹfà, kò sì gba àríyànjiyàn. Ẹ kọ “Ìwo Ẹlẹ́rù”. Mo mọ̀ pé inú ìwé Òyìnbó ni ẹ ti rí Iwo Eleru, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ láti ìgbà tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti hú eegun níbẹ̀ ní ọdún 1965, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìwo orí àgbò ha ni bí, tí ó sì ru ẹrù? Ihò Eléérú ni: ihò tí eérú wà nínú rẹ̀. Agbárí tí wọ́n rí níbẹ̀ ti tó nǹkan bí ọdún 13,000, síbẹ̀ ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn tí ó ṣáájú ìgbà náà lọ fíìfíì, èyí tí ó sọ ọ́ di ohun ìjíròrò títí di òní. Bí àwọn àjèjì bá ṣi orúkọ kọ, ìwé Yorùbá kọ́ ni yóò bá wọn ṣì í.

Ní ti ara ènìyàn, mo fẹ́ràn bí ẹ ṣe lo párì, ìbàdí, ojúgun àti gìgísẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ àyálò kankan kún un. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti dúró ni “ihò ńlá” tí ẹ fi pe ihò ìsàlẹ̀ agbárí. Ẹ tẹ̀lé orúkọ Látìn rẹ̀ ni, tí òun náà kò sọ ju ihò ńlá lọ, Látìn sì ṣe ọ̀lẹ níbẹ̀. Ihò mùdùnmúdùn ni èmi yóò pè é, nítorí pé ibẹ̀ ni mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ń gbà wọ inú orí, ọmọ tí ó bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì. Lára ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ihò yìí máa ń súnmọ́ ìpakọ́. Lára tiwa, ó bọ́ sí abẹ́ orí, kí orí lè dúró lórí ọrùn bí igbá lórí òṣùká. Ohun tí Raymond Dart, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara, rí nìyẹn lára agbárí ọmọdé ẹ̀dá àtijọ́ kan tí wọ́n rí ní Taung ní Gúúsù Áfíríkà, tí ó fi kọ̀wé ní ọdún 1925 pé ẹ̀dá náà fi ẹsẹ̀ méjì rìn. “Ihò ńlá” kò lè sọ ìtàn yìí.

Bí ó bá wá tẹ́ yín lọ́rùn, gbólóhùn náà lè kà báyìí: “Ní ọdún 1974, ní Hadar ní ilẹ̀ Etiópíà, wọ́n hú fọ́sìlì abo ẹ̀dá kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, tí irú rẹ̀ sì súnmọ́ orírun wa.” Ó gùn ju tiyín lọ, mo gbà.

Ó ku ọ̀kan tí èmi náà kò rí orúkọ fún, mo sì ń bi gbogbo yín. Eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè gògóńgò, lábẹ́ ahọ́n, tí kò so mọ́ eegun mìíràn kankan. Wọ́n rí ti Neanderthal kan nínú ihò Kebara ní Ísírẹ́lì ní ọdún 1983, ó sì dá kún àríyànjiyàn lórí bóyá irú wọn lè sọ̀rọ̀ bíi tiwa. Eegun yìí yóò dé ní orí kẹta. Mo gbà pé alápatà tí ó bá ń gé ahọ́n màlúù gbọ́dọ̀ máa bá a pàdé, ó sì yẹ kí ó ní ohun tí wọ́n ń pè é, bóyá ọ̀tọ̀ lẹ́nu Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ọ̀tọ̀ lẹ́nu Èkó Ẹ̀pẹ́. Èmi yóò dé ọjà níbí lọ́jọ́ Sátidé láti béèrè. Kí ẹni tí ó wà ní Àgbádárìgì àti ẹ̀yin ará Ìkòròdú náà bá wa béèrè lọ́dọ̀ tiyín, kí ẹ̀gbọ́n má ṣe tíì kọ ohunkóhun sí àlàfo ibẹ̀.