Láti Lọ́ńdọ̀nù dé Etí Òkun Brighton nínú Rélùwéè: Ìrírí Wa

Láti Peckham

Mo kí gbogbo ilé. Ẹnìkan béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ó yẹ kí a mú àgbàlagbà tó wá kí wa láti ilé lọ sí etí òkun ní ilẹ̀ yìí, tàbí kí a kàn fi ààfin Buckingham hàn án kí a sì padà sílé. Èsì tèmi ni pé kí ẹ mú un wọ rélùwéè lọ sí Brighton, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe ka ọ̀nà náà sí ohun tí a kàn ń fara dà kí a tó dé òkun. Nígbà tí mo mú ìyá mi lọ ní ìgbà ooru, ohun tí ó rí lójú ọ̀nà àti ohun tí ó gbọ́ kí a tó dé etí omi ni ó ṣì ń ròyìn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlaró títí di òní. Òkun fúnra rẹ̀ kò rí ìyìn gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ibẹ̀ ni owó ti máa ń jò. Káàdì Oyster tí a fi ń wọ bọ́ọ̀sì kò ṣiṣẹ́ dé Brighton. Pápákọ̀ òfurufú Gatwick ni agbára rẹ̀ mọ ní ọ̀nà yẹn, nítorí náà ẹni tó bá fi í wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì lọ sọ̀ ní Brighton ti fi owó ara rẹ̀ ra wàhálà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ lọ síbi iṣẹ́ kọjá kí ẹ tó gbéra, torí owó ọkọ̀ a máa wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Irú tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ rélùwéè Thameslink nìkan ni a lè fi wọ̀, ó sì sábà máa ń dín owó ju èyí tí a lè fi wọ ọkọ̀ yòówù tó bá kọ́kọ́ dé lọ. Òun ni a rà, nítorí ọkọ̀ náà ń kọjá ní ibùdókọ̀ London Bridge tó sún mọ́ wa. Ẹni tó bá sì ti pé ọmọ ọdún 60 lè ra káàdì àgbà tí ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó, kódà bí ó bá jẹ́ àlejò.

Ìrìn náà lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Màmá ti di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò sínú kúlà láti òru, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a dé etí òkun kí a tó ṣí i. A kò tíì jìnnà sí Croydon ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí ìdérí fi ṣí. Òórùn dòdò gba gbogbo ibi tí a jókòó sí, ọkùnrin òyìnbó tó kọjú sí wa sì sọ ìwé ìròyìn tí ó ń kà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó na ìdérí kúlà sí i pẹ̀lú ẹyọ dòdò mélòó kan lórí rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbà, ẹ jẹun." Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni ń tọrọ àyè, ó mú ẹyọ kan, lẹ́yìn èyí ó mú òmíràn láìwo ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

Lẹ́yìn Croydon ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká tí pápá sì gbilẹ̀. Àwọn tó la ọ̀nà irin yìí kò yí àwọn òkè po. John Rastrick, ẹnjinníà wọn, mú kí wọ́n gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkè kọjá, tí ọ̀nà náà sì ṣí dé Brighton ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1841. Èyí tó gùn jù nínú àwọn ihò náà, ihò Clayton, lé ní kìlómítà 2. Ní gbogbo ìgbà tí òkùnkùn bá bò wá lójijì tí etí sì di pin-in, màmá a ké pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì padà, yóò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú níbi tí ó fi í sílẹ̀ sí gan-an.

Láàárín Balcombe àti Haywards Heath ni afárá ńlá orí odò Ouse wà. Ó ní ojú 37 tó tẹ̀ kọrọdọ, gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 29, bíríkì tí wọ́n sì fi kọ́ ọ lé ní mílíọ̀nù 11. Mo ti ròyìn rẹ̀ fún màmá láti ilé títí tí ó fi gbé ìgò ojú rẹ̀ sójú dè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú rélùwéè kò lè rí afárá tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn kọjá; àwọn tó ya àwòrán rẹ̀ tí ẹ ń rí káàkiri, inú àfonífojì nísàlẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Ohun tí a rí ni pé ilẹ̀ já lábẹ́ wa lójijì, tí àwọn àgùntàn sì kéré bí ẹ̀gúsí lórí koríko, kí igi tó tún dí wa lójú. "Ṣé ó tán náà nìyẹn?" ni màmá wí.

Nígbà tí a jáde ní ibùdókọ̀ Brighton, n kò mú un lọ sí etí omi tààrà. Òpópónà Queens Road da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹnu ibùdókọ̀ lọ sí òkun, ìrìn bíi ìṣẹ́jú 15 sì ni, ṣùgbọ́n a yà sí ọwọ́ ọ̀tún, a gun òkè díẹ̀ lọ sí ilé ìjọsìn St Nicholas. Níbẹ̀ ni wọ́n ti so Àìná, ọmọbìnrin Yorùbá kan, pọ̀ nínú ìgbéyàwó mọ́ James Pinson Labulo Davies ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Sarah Forbes Bonetta. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ni wọ́n kó o nígbà tí wọ́n ya wọ Òkè-Ọ̀dàn ní 1848, tí wọ́n sì pa àwọn òbí rẹ̀. Ghezo, ọba Dahomey, fi í ta Frederick Forbes lọ́rẹ, ọ̀gá inú ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá bá a sọ̀rọ̀ pé kí ó dáwọ́ òwò ẹrú dúró, Forbes sì mú un wá sí ilẹ̀ yìí ní 1850, níbi tí Ọbabìnrin Victoria ti gba ìtọ́jú rẹ̀ sọ́rùn. Davies tí ó fẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a bí sí Sàró. Òun ni oníṣòwò Èkó tó fi owó rẹ̀ ran CMS Grammar School lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó sì dá oko kòkó sí Ìjọn lẹ́bàá Agége lẹ́yìn ìgbà náà.

Màmá dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu mi nígbà tí mo dárúkọ ìlú ọmọ náà. "Òkè-Ọ̀dàn wo? Òkè-Ọ̀dàn tiwa yìí, tí mo ń ná ọjà rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bí ọmọ náà ti tó nígbà tí wọ́n kó o, mo ní bíi ọmọ ọdún márùn-ún. Ó wo ilé ìjọsìn náà láti òkè délẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ta ni ó ṣúre fún un ní èdè wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà?" N kò ní èsì. Ó yọ gèlè orí rẹ̀ ró mọ́ ìdí, ó sì wúre fún Àìná àti fún àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ lóhùn rara lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibẹ̀, títí tí obìnrin kan tó ń fa ajá lọ fi dúró wò wá. Ojú kò tì mí rárá.

Ti òkun kò pọ̀. Brighton kò ní iyanrìn bí ti etí òkun Èkó. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ó kún ibẹ̀, ó sì ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbàlagbà wọ sálúbàtà lọ. Omi tutù lóṣù keje bí ẹni pé inú fíríìjì ni ó ti ń ṣàn bọ̀. Màmá bu ìgò kan nínú rẹ̀ fún àdúrà, ó ní gbogbo òkun ló mọ ara wọn. Nígbà tí a wá ra ẹja àti ọ̀dùnkún díndín, ẹyẹ òkun funfun kan já wá láti ẹ̀yìn mi, ó sì gba odidi ẹja lọ́wọ́ mi, ó ku bébà.

Láti Croydon

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ yàn ọjọ́ tó dára ní tiyín. Ní tiwa, ọjọ́ Àìkú ni àwa ẹgbẹ́ obìnrin ilé ìjọsìn wa yàn, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, gbogbo wa nínú aṣọ ẹgbẹ́ aláwọ̀ ewé. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀ Three Bridges lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, pé wọ́n ń tún ojú irin ṣe, bọ́ọ̀sì ni yóò gbé wa dé ibi tí a ń lọ. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an kò sọ ohunkóhun. Ìlà tí a tò gùn láti ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ yí igun ilé ká, àwọn ọmọdé ń sunkún, ìyá ìjọ sì dá orin kalẹ̀ kí ìbínú má baà di ìjà. Bọ́ọ̀sì gbà wá lákòókò tó ìlọ́po méjì èyí tí rélùwéè ì bá gbà. Àtìgbà náà ni mo ti ń yẹ ojúlé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pàápàá bí ó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, torí ìgbà náà ni wọ́n fẹ́ràn láti máa tún ọ̀nà ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ara yín jọ lọ, ẹ má gbàgbé pé àgbàlagbà 3 sí 9 tó bá jọ rìn pọ̀ lè béèrè fún ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pè ní GroupSave, tí òun náà ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwa pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kàn pín ara wa sí ọ̀nà méjì.

Ohun kan wà tí ẹ̀gbọ́n kò mẹ́nu bà, èyí ni ààfin Royal Pavilion tí Ọba George kẹrin kọ́, tí John Nash, ayàwòrán ilé, dé ní òrùlé rìbìtì-rìbìtì bí ti ilẹ̀ Íńdíà. Nígbà tí rélùwéè dé ìlú náà, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá láti Lọ́ńdọ̀nù, Ọbabìnrin Victoria kò sì ní ìsinmi mọ́ níbẹ̀ nítorí àwọn tó ń rọ́ wò ó. Ó kọ ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ta ààfin náà fún ìlú ní 1850, ọdún tí wọ́n mú Àìná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an. Tí a bá wò ó dáadáa, ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ ṣeré ni ó lé ọba kúrò láàfin.

Láti Ìbàdàn

Ẹ̀yin àbúrò mi, inú mi dùn sí ohun tí ẹ kọ. Mo kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1980 sí 1990, mo sì mọ ọ̀nà yẹn dáadáa nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì rí bí ó ti rí lónìí. Iná mànàmáná ti ń wa rélùwéè ibẹ̀ láti 1933, ṣùgbọ́n ọwọ́ èrò ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó wà lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ìdìmú nínú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ yóò já fèrèsé sílẹ̀, yóò na ọwọ́ síta, yóò sì fi ọwọ́ yí ìdìmú tó wà níta. Àwọn ọ̀dọ́ a máa ṣí i kí ọkọ̀ tó dúró tán, wọn a sì bẹ́ sílẹ̀ sáré lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá ń padé lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ti ìbọn ọdẹ lọ. Ní 2005 ni wọ́n kó èyí tó kù nínú wọn kúrò. N kò ṣàárò wọn, nítorí òtútù tí ń gba àlàfo ilẹ̀kùn wọn wọlé ní oṣù kìíní kò ṣe é fẹnu sọ.

Ẹni tó bá mú àgbà lọ, tí òkúta etí òkun kò sì jẹ́ kí ó lè rìn, kí ó mú un wọ rélùwéè kékeré Volk tó ń gba etí òkun kọjá láti ìtòsí Palace Pier, afárá ìgbafẹ́ tó yọ sínú òkun, lọ síhà ìlà oòrùn. Láti 1883 ni ó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí rélùwéè oníná mànàmáná tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní gbogbo ayé tó dàgbà jù ú lọ. Kì í rìn ní ìgbà òtútù.

Ẹnìkan béèrè bóyá ẹni tó wà lórí àga onítáyà lè wọ rélùwéè náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Nígbà tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi wá kí àwọn ọmọ wa, orúnkún ń dà á láàmú, àkọ́bí wa sì ti ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú pé a nílò ìrànlọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ kan tẹ́ pákó pẹrẹsẹ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn sì ti dúró dè wá pẹ̀lú tirẹ̀ ní Brighton, ó bá wa ti àga náà dé ibi tí táksí ń tò sí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ rí i pé ẹ béèrè fún àbọ̀ nígbà kan náà tí ẹ bá ń béèrè fún àlọ, kí ẹ sì sọ aago ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ bá padà fún wọn.