"Mímí aláìláfẹ́fẹ́" kọ́ ni gbogbo rẹ̀: àbá lórí ìlaṣúgà àti ìsọrù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Àbá tó wà nílẹ̀ fún ìwé atúmọ̀ wa ni pé ká pe ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára nínú ṣúgà láìlo ọ́síjìn ní "mímí aláìláfẹ́fẹ́". Ó dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kó sábẹ́ orúkọ kan. (Ká má tilẹ̀ tíì sọ pé ọ́síjìn ò ju bí ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ lọ, tí àìsí ọ́síjìn kì í fi í ṣe àìsí afẹ́fẹ́.)

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Lóde mitokóńdríà (yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọ́síjìn pèsè agbára), nínú omi sẹ́ẹ̀lì, gúlúkóòsì, ṣúgà tó ní kábọ́ọ̀nù 6, máa ń gba ìgbésẹ̀ 10 kọjá kó tó di pyruvate 2, kábọ́ọ̀nù 3 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ ná 2 nínú ATP, èròjà tó dà bí owó agbára rẹ̀, á wá rí 4. Èrè rẹ̀, 2 péré. Bí ọ́síjìn wà, bí kò sí, bákan náà ni. "Ìlaṣúgà" (glycolysis) ni mo fẹ́ ká pe èyí, kì í ṣe "fífọ́ ṣúgà", torí ohun tó fọ́ a máa fọ́n ká ni, ṣùgbọ́n ní ìgbésẹ̀ kẹrin, ṣe ni ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì yá) la ṣúgà yìí sí méjì, kábọ́ọ̀nù 3 síbìí, 3 sọ́hùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kẹfà ni wàhálà wà. NAD⁺, èròjà alágbèérù inú sẹ́ẹ̀lì, ló ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù níbẹ̀, tó sì ń di NADH. NAD⁺ inú sẹ́ẹ̀lì kò pọ̀ rárá. Bí NADH ò bá rí ẹni sọ ẹrù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí lé lọ́wọ́, NAD⁺ á tán, iṣẹ́ á sì dúró gbagidi, bí ṣúgà tilẹ̀ kún inú sẹ́ẹ̀lì bámúbámú. Nínú iṣan ẹni tó ń sá eré àsápajúdé, pyruvate fúnra rẹ̀ ló ń gba ẹrù yẹn, tó sì ń di lactate. Ti ìwúkàrà yàtọ̀: carbon dioxide á kọ́kọ́ bọ́ kúrò lára pyruvate, acetaldehyde tó ṣẹ́ kù á gba ẹrù, á di ọtí. Kò sí ATP kankan nídìí ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí o. Nítorí kí NAD⁺ lè padà wá ni. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìsọrù", ìyẹn sísọ ẹrù, fún iṣẹ́ yìí (fermentation).

Ẹnì kan ti ní ká lo "kíkan". Rárá. Lactate lè bá a mu, ọtí ńkọ́? "Ọtí kíkan" gan-an, ọ́síjìn ni bakitéríà tó ń sọ ọtí dà bẹ́ẹ̀ ń lò.

"Mímí láìsí ọ́síjìn" wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àwọn bakitéríà kan ni: wọ́n ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù látọwọ́ purotéènì kan sí òmíràn lára awọ sẹ́ẹ̀lì, nitrate tàbí sulphate ló sì ń gbà á níkẹyìn dípò ọ́síjìn. Wọ́n ń rí ATP níbẹ̀. Kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ yẹn lọ.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi "láìsí ọ́síjìn" sínú ìtumọ̀ ìsọrù. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn kiri, síbẹ̀ lactate ló ń ṣe, torí kò ní mitokóńdríà. Ìwúkàrà tí ṣúgà pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ náà, ọtí ló máa ń ṣe lójú ọ́síjìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwé atúmọ̀ kọ ni: "ìsọrù: kí ohun tó tara ṣúgà wá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ NADH, kí ìlaṣúgà má bàa dúró."